Kí Ló Dé Tí Sípàgẹ́tì Wíìtì Mi Fi Di Ẹ̀kọ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kubwa ni à ń gbé. Oṣù tó kọjá ni wọ́n sọ fún ọkọ mi ní ọsibítù pé ṣúgà ara wọn ti ń gòkè, pé kí wọ́n dín ohun funfun kù, kí wọ́n máa jẹ wíìtì. Mo bá ra sípàgẹ́tì wíìtì páàkì méjì, owó rẹ̀ sì ju ti èyí tí mo ń rà tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Mo se ọ̀kan bí mo ṣe máa ń se jọ̀lọ́ọ̀fù sípàgẹ́tì. Ó di ẹ̀kọ, ó tún korò díẹ̀ lẹ́nu. Bàbá wọn fi sùúrù jẹ tiwọn tán, àwọn ọmọ ní páálí ni. Èyí tó kù ṣì wà nínú fírísà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sè, àbí bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ṣé àǹfààní rẹ̀ sì tó èyí tí mo fi máa pa funfun tì pátápátá?" Ìyá Ìbejì, Kubwa.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Ọwọ́ yín kọ́ ni àṣìṣe wà. Sípàgẹ́tì funfun lẹ mọ̀ ọ́n sè, ẹ wá mú ìlànà rẹ̀, ẹ fi se nǹkan mìíràn. Ẹ wò ó báyìí: ta ló ń gbé ìrẹsì ọ̀fadà kaná bó ṣe ń gbé ìrẹsì òyìnbó kaná? Ta ló sì ń bu ọbẹ̀ tòmátì lásán lé ọ̀fadà lórí? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀fadà ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní ọbẹ̀ tirẹ̀, ata tí wọ́n dín títí nínú epo pẹ̀lú irú rẹpẹtẹ, nítorí pé ìrẹsì náà fúnra rẹ̀ lóòórùn, ó sì le lẹ́nu. Ọ̀fadà ni sípàgẹ́tì wíìtì jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí pé kó ṣe bíi funfun yóò máa bá a jà lójoojúmọ́ ni.

Ní ti ṣúgà bàbá, àǹfààní wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo rẹ̀. Iye tí ẹ bù sínú àwo ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Màá padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáná.

Ọ̀rọ̀ "wíìtì" yìí gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Gbogbo sípàgẹ́tì tó wà ní ọjà Wuse ní Abuja níbí, wíìtì ni, ìyẹn àlìkámà tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Irú àlìkámà kan tó le gan-an, tí wọ́n ń pè ní durum, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, òun ló sì fà á tí èyí tí a ń pè ní funfun fi ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni sísẹ́. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì: wọ́n á lọ ọkà tí wọ́n ti rẹ, wọ́n á dà á sórí aṣọ asẹ́, ògì á sọ̀ kalẹ̀, eèrí á kù lókè, ewúrẹ́ ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ń ṣe wóró àlìkámà. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á yọ ojú kékeré tí èéhù ti ń hù jáde, wọ́n á wá fi inú rẹ̀ nìkan ṣe sípàgẹ́tì. Èyí tí ẹ rà yìí, odindi wóró ni wọ́n lọ̀. Èèpo wà níbẹ̀, ojú wà níbẹ̀, inú wà níbẹ̀.

Àwọn Hausa ń pe eèrí yìí ní dusa. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó máa rí àpò dusa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n so àgbò mọ́ káàkiri ìlú yìí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n á yọ eèrí kúrò nínú oúnjẹ wa, wọ́n á tà á fún àgbò, lẹ́yìn náà a ó wá fi owó gọbọi ra sípàgẹ́tì tí wọn ò yọ ti rẹ̀ kúrò.

Inú eèrí yẹn ni fáíbà pọ̀ sí, ohun tí ikùn kì í lè sọ di ṣúgà. Nínú 100 gíráàmù sípàgẹ́tì wíìtì gbígbẹ, fáíbà á tó bíi gíráàmù 9. Nínú funfun, bíi 3. Ìyẹn ni ohun tí ẹ san owó lé lórí. Agbára tó wà nínú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi kálórì 350 sí 370 nínú 100 gíráàmù, èròjà amáradàgbà wọn náà kò jìnnà síra.

Kí ló wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ? Bí ẹ bá ti po ìyẹ̀fun pọ́fùpọ́fù rí, ẹ mọ ohun kan tó máa ń fà lọ́wọ́ bíi rọ́bà. Òun ló so sípàgẹ́tì pọ̀. Ó dà bí àwọ̀n tó di sítáàṣì mú kó má tú dànù sínú omi. Eèrí kì í fà. Ìpẹ́pẹ́ rẹ̀ ló ń dá àwọ̀n náà lu níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí aṣọ tí kòkòrò ti jẹ. Nítorí náà, sítáàṣì rẹ̀ tètè ń jáde, okùn rẹ̀ sì tètè ń já. Bó bá jẹ́ inú omi púpọ̀ ni, sítáàṣì tó jáde á bá omi lọ nígbà tí ẹ bá sẹ́ ẹ. Nínú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù, kò ríbi lọ. Ọbẹ̀ á máa ki, ẹ ó máa rò ó kó má baà jóná nísàlẹ̀, bí ẹ ṣe ń rò ó ni yóò máa já, bó ṣe ń já ni sítáàṣì á túbọ̀ máa tú jáde. Ọbẹ̀ tó ti ki kì í sì í wọ inú rẹ̀ bí omi lásán ṣe ń wọlé, ẹ̀yìn á ti rọ̀ tán, inú á ṣì le. Ẹ̀kọ àti páálí nínú ìkòkò kan náà: òótọ́ ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ sọ.

Èmi kì í se é tán nínú ọbẹ̀ láé. Omi ni mo ń se é sí, inú ọbẹ̀ ló ti ń parí.

Ìkòkò tó tóbi ni kí ẹ gbé kaná, lítà omi kan fún 100 gíráàmù. Páàkì kan jẹ́ 500 gíráàmù, lítà márùn-ún nìyẹn, bí ìgò omi ńlá mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bó bá jẹ́ mai ruwa ló ń ti omi wá fún yín ní àdúgbò yín, mo mọ̀ pé omi yìí á dùn yín. Bí ẹ bá lo mẹ́rin, ilé ò ní wó. Kí omi hó kùdùkùdù kí ẹ tó dà á sí i. Iyọ̀ ńkọ́? Ṣíbí ìmutíì kan tí kò ga lójú fún lítà kan, àfi bí dókítà bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú ṣúgà, ẹ jẹ́ kó di ìdajì. Èyí tó pọ̀ nínú iyọ̀ náà, ẹ ó dà á nù pẹ̀lú omi ni, àmọ́ bí ẹ bá sè é láìfi iyọ̀ sí i rárá, kò sí ọbẹ̀ tó máa gbà á là. Ẹ má da òróró sínú omi. Orí omi ni òróró máa ń léfòó sí, nígbà tí ẹ bá sì ń sẹ́ ẹ, á lẹ̀ mọ́ ara okùn, ọbẹ̀ ò ní lè dì í mú mọ́. Kíkán an sí méjì kò burú. Àwọn ará Ítálì ló máa bínú sí ìyẹn, kò kan àwa.

Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kó má lẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Sípàgẹ́tì funfun máa ń yí àwọ̀ padà bó bá ń jinná, ẹ ó rí i. Wíìtì, pọ́n ló pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú ò lè sọ nǹkan kan fún yín. Eyín ni kí ẹ lò. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páàkì, ẹ yọ méjì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wá mú okùn kan, ẹ gé e. Bí ẹ bá rí ojú funfun tín-ínrín láàárín rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sẹ́ ẹ, nítorí ó ṣì ń lọ sínú ọbẹ̀. Ẹ má lọ dáhùn fóònù ní àsìkò yìí. Láàárín ìgbà tó dára àti ìgbà tó bàjẹ́ kì í ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, funfun máa ń fún èèyàn láàyè jù bẹ́ẹ̀. (Àwọn tó wà ní Jos lára yín, ìlú yín ga, omi yín ń hó ní bíi 96 dípò 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, nítorí náà ti yín á pẹ́ jù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Kì í ṣe páàkì ló purọ́.)

Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ bu ife kan nínú omi náà pa mọ́. Ó máa ń dúdú, ó máa ń ki bí omi ẹ̀kọ, ẹ má kórìíra rẹ̀. Òun ló máa so ọbẹ̀ mọ́ sípàgẹ́tì. Ẹ má sì fi omi tútù fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ gbogbo wa, kó má baà lẹ̀. Àmọ́ bí ọbẹ̀ bá ti wà lórí iná tó ń dúró dè é, kò ní ráyè lẹ̀. Láti inú asẹ́, ó di inú ọbẹ̀, ẹ da díẹ̀ nínú omi yẹn sí i, ẹ máa jù ú sókè jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ṣíbí méjì fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ó ti délé.

Ẹ̀yin tí gáàsì ń dùn, ọgbọ́n kan wà. Bí ó bá ti hó padà lẹ́yìn tí ẹ dà á sí i, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa iná, ẹ dé e pinpin. Ooru omi náà á se é fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún iye tó wà lára páàkì, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò. Nílé mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ń sè é báyìí.

Ohun kan tún wà tí mo fi ìtìjú kọ́. Wọ́n pè mí láti wá se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ ní Gwarinpa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá ọmọ sì ní kí n se wíìtì fún àwọn àgbà. Mo se é dáadáa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo dà á sínú kúlà, mo dé e. Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó parí àdúrà. Nígbà tí mo ṣí kúlà, ooru inú rẹ̀ ti sè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n wá fi ìgbákọ gé e bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bàbá àgbà kan tiẹ̀ béèrè ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá ní jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tíréè kí ooru rẹ̀ lọ, ọbẹ̀ á wà lọ́tọ̀, á di ìgbà tí wọ́n bá jókòó kí n tó pò wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ ibi iṣẹ́ nínú fúláàsì náà, ẹ gbọ́ o.

Ó wá kan ọbẹ̀, ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kano ni mo dàgbà sí, ní Sabon Gari, níbi tí àwọn ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé bí ẹni pé ìta ilé wọn ni. Kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ sípàgẹ́tì ni mo ti ń jẹ odindi àlìkámà. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké máa ń ru alkubus wá tà láti àdúgbò Fagge, ìyá wọn ló ń ṣe é nínú ilé. Àlìkámà tí wọn ò sẹ́ ni, wọ́n á fi yíìsì pò ó kó wú, wọ́n á dà á sínú agolo tí wọ́n ti fi òróró pa, wọ́n á fi ooru omi sè é bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín. Ó máa ń dúdú, ó ki, ó korò fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lásán, ẹ ó dá a padà fún ọmọ náà. Àmọ́ miyan taushe ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́: ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ sí, pẹ̀lú ewé yakuwa, ìyẹn ìṣápá wa, pẹ̀lú irú tí àwọn ń pè ní daddawa. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní oúnjẹ, kó tó yé mi pé àwọn ìyá Fagge yẹn kò kàn sè é bẹ́ẹ̀ lásán. Elégédé dùn, adùn rẹ̀ ń pa ìkorò eèrí. Ọ̀rá ẹ̀pà ń jẹ́ kí ohun tó gbẹ lẹ́nu máa yọ̀. Ìṣápá máa ń kan lẹ́nu, ó ń la ọ̀nà fún ẹnu kó má sú èèyàn. Irú ní òórùn tó lágbára ju òórùn àlìkámà lọ. Ohun tí àwa náà ń ṣe sí ọ̀fadà gan-an nìyẹn, láti ìhà mìíràn.

Nítorí náà, bí mo bá máa fún yín ní ọbẹ̀ kan ṣoṣo fún sípàgẹ́tì wíìtì, miyan taushe ni. Fún ìdajì páàkì, ẹ wá elégédé tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ife mẹ́ta. Ẹ fi òróró ṣíbí méjì dín àlùbọ́sà ńlá méjì, kí ẹ má kánjú, kó pọ́n, kó dùn. Ìkánjú níbí ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn. Ẹ da tàtàṣé mẹ́ta àti ata rodo tí ẹ lọ̀ sí i, kí omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ da elégédé sí i pẹ̀lú omi ẹran, kó rọ̀ títí tí ìdajì rẹ̀ á fi yọ́. Ìdajì ife ẹ̀pà yíyan tí ẹ ti lọ̀, irú ṣíbí méjì, atalẹ̀ díẹ̀. Ẹja gbígbẹ tàbí ẹran tí ẹ ti bọ̀. Ó kù ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dà sípàgẹ́tì sí i ni ewé yakuwa ń wọlé, ẹ̀kún ọwọ́ méjì. Bí ẹ ò bá rí yakuwa, ẹ lo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Irú àti ẹran ti ṣe iṣẹ́ adùn tán. Májì kan ti tó, bí ó bá tiẹ̀ pọn dandan.

Ẹ̀fọ́ rírò tí irú rẹ̀ pọ̀ náà bá a mu gan-an, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju sípàgẹ́tì lọ nínú àwo. Bí àárẹ̀ bá mú yín lálẹ́, ẹ yọ́ ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí mẹ́ta sínú omi sípàgẹ́tì tí ẹ bù pa mọ́, ẹ fi yájì, aáyù àti àlùbọ́sà sí i, ẹ gé ṣúyà tó ṣẹ́kù lé e lórí, ẹ wọ́n zogale (ewé moringa) bíbọ̀ sí i. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ rí lórí rẹ̀ ni ọbẹ̀ tòmátì ṣíṣàn tí wọ́n fi kọ́rì àti táìmù sí, èyí tí a ń bù lé funfun. Kò lágbára láti gbé e.

Bí ọkàn yín bá sì wà lára jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ṣeé ṣe. Ẹ dín ata yín kó gbẹ dáadáa, ẹ fi àlùbọ́sà kún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ bọ sípàgẹ́tì lọ́tọ̀ bí mo ṣe sọ, ẹ wá pò wọ́n pọ̀ nígbẹ̀yìn. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lórí iná.

Ó di ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Gúlúkóòsì fúnra rẹ̀ jẹ́ 100. Búrẹ́dì funfun wà ní bíi 75. Sípàgẹ́tì funfun, èyí tí ẹ fẹ́ pa tì, wà ní bíi 50, torí pé ó ki pinpin, ikùn kì í tètè tú u. Wíìtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Bí ẹ bá sì se wíìtì di ẹ̀kọ, ẹ ti fọwọ́ ara yín tú ohun tó yẹ kí ikùn máa rọra tú, ṣúgà rẹ̀ á yára wọlé. Sípàgẹ́tì funfun tó jinná níwọ̀n lè sàn fún bàbá ju wíìtì tó ti di ẹ̀kọ lọ.

Ibi tí ẹrù wà gan-an ni àwo. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilé wa ló lè jẹ ìdajì páàkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n á tún béèrè ẹran. Ìdajì páàkì, gíráàmù 250 gbígbẹ, ní nǹkan bíi gíráàmù 180 ohun tó ń di ṣúgà nínú bó bá jẹ́ funfun. Bó bá jẹ́ wíìtì, ẹ yọ fáíbà kúrò, ó ṣì lé ní 150. Kò sí àwọ̀ tó lè bo ìyẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni pé kí páàkì kan tó àwo mẹ́fà. Ẹ wọn ọ́n ní gbígbẹ, bíi gíráàmù 80 fún èèyàn kan. Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ pín páàkì sí mẹ́fà lórí tábìlì kí ẹ tó gbé omi kaná. Nínú àwo bàbá, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin, kí sípàgẹ́tì gba ìdá mẹ́rin tó kù. Wọ́n á kígbe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Fáíbà inú wíìtì á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ikùn kún fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn. Ibi tí mo ti gbà pé owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n máa mu omi dáadáa pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì mú un wọ ilé díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú gbogbo ilé.

Bí wọ́n bá ti fún wọn ní oògùn, kí wọ́n má torí wíìtì fi oògùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nílé, ẹ fi wo ohun tí mo sọ: lọ́jọ́ kan, gíráàmù 80 funfun, lọ́jọ́ mìíràn, gíráàmù 80 wíìtì, ọbẹ̀ kan náà, kí ẹ wò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ara kì í ṣe bákan náà, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa bàbá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn ọmọ? Ẹ má fipá mú wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta wíìtì, ìdá méjì tó kù funfun, ìkòkò méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí wọn kì í jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fi kún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò rẹ̀, ikùn rẹ̀ kéré, fáíbà á tètè kún un kó tó jẹ ohun tó máa mú un dàgbà.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ rà á, ẹ yí ẹ̀yìn páàkì wò. Kí "whole durum wheat" tàbí "wholewheat" jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ pé ó wà níbẹ̀. "Wheat" nìkan kò túmọ̀ sí nǹkan kan, mo ti sọ ìdí rẹ̀. Àwọ̀ búráùn náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "fibre" sí: bí kò bá tó gíráàmù 6 nínú 100, ẹ dá a padà sórí igbá. Ẹ wo ọjọ́ tó máa parí náà, torí ojú wóró tí wọn ò yọ ní òróró nínú, òróró yẹn sì máa ń bàjẹ́ nínú ooru. Ooru Abuja ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá tú páàkì tó ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́, ìkorò tó bá wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti eèrí mọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Èmi máa ń fi páàkì tí mo bá ti ṣí sínú ike tó dé pinpin, inú fíríìjì ló ń wọ̀, kòkòrò ò sì ní ráyè débẹ̀.

Bí owó rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ẹ rántí pé àlìkámà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Lásìkò ọyẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín ní Kano, Jigawa àti Kebbi, oṣù kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n ń kórè. Nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de àlìkámà òkèèrè ní 1987, mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, mo rántí bí búrẹ́dì ṣe ń kéré sí i lójú wa. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 1992, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ kan kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ lè ra mudu kan lọ́wọ́ àwọn oníhóró ọjà, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ láìsẹ́. Ẹ ó rí òkèlè rò nínú rẹ̀, odindi wóró náà ni, owó rẹ̀ sì rọjú.

Èyí tó wà nínú fírísà yẹn, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ kó yọ́, ẹ sẹ́ omi ara rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ po ẹyin mẹ́ta, àlùbọ́sà, ata rodo àti ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa fíráì-páànù, ẹ fi ṣíbí bù ú sí i pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jóná díẹ̀ kó lè máa dún lẹ́nu. Ẹ fún àwọn ìbejì jẹ, ẹ má sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn.